Òfin Líìgì Wa: Bí A Ṣe Lè Bá Ọ̀rẹ́ Wí Kí Ọ̀rẹ́ Má Bàjẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé líìgì àwọn ọmọ kíláàsì wa sọ níbi àpèjẹ ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́, ní ìlú Òṣogbo)

   

Nígbà tí Ààrẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ìròyìn owó ni wọ́n fẹ́ kí n kà. Wọ́n ní rárá, ọ̀rọ̀ líìgì wa ni kí n sọ, pàápàá ọ̀rọ̀ òfin àti ìjìyà tó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa. Mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ojú ogbẹ́ náà kò tíì jiná tán. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí a kò bá sọ ọ́ níbí, ibo la ó ti sọ ọ́?

Àwọn tí kò mọ̀ nínú yín yóò máa bi ara wọn pé líìgì wo? Ṣé àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn yìí náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ fara balẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ẹsẹ̀ nínú wa. Orí fóònù la ti ń gbá tiwa. Líìgì àfiṣeré ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Fantasy Premier League, tó ti wà láti 2002. Wọn yóò fún ọ ní owó orí ìwé, mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn, kí o fi ra agbábọ́ọ̀lù 15 láti inú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: aṣọ́lé 2, ará ẹ̀yìn 5, ará àárín 5, ará iwájú 3. O kò gbọdọ̀ mú ju ẹni mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ohun tí ẹni tí o rà bá ṣe lórí pápá ní òpin ọ̀sẹ̀ ni yóò di àmì fún ọ. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àmì rẹ á gòkè. Bí ó bá gba káàdì pupa ní Liverpool, àmì mẹ́ta á kúrò lọ́wọ́ rẹ ní Iléṣà níbi tí o ti jókòó ti iyán rẹ, tí o kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú eré yìí ti gbilẹ̀, pàápàá pẹ̀lú bésíbọ́ọ̀lù. Ní 1961 ni Hal Richman gbé eré kan tí wọ́n ń pè ní Strat-O-Matic jáde, tí èèyàn ń fi káàdì àti dáìsì bíi ti lúdò ta nínú yàrá. Ní 1980 ni Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n fi àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ilé oúnjẹ kan ní New York tí wọ́n ti máa ń jẹun, La Rotisserie Française. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé Okrent ti kọ òfin eré náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ra agbábọ́ọ̀lù kan. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ wá níyà.

Ogún ni wá nínú líìgì tiwa. Ẹnì kan ń kojú ẹnì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni ń jìjàkadì. Ọ̀sẹ̀ 38 ni ọdún bọ́ọ̀lù, èyí ni pé olúkúlùkù á pàdé ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá borí gba àmì mẹ́ta, bí ó bá di ọ̀mì, kí wọ́n pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí a bá dá, a ó yọ ẹ̀bùn níbẹ̀, ìyókù á lọ sí àpò iṣẹ́ tí à ń ṣe fún ilé ìwé wa. Ẹ ò rí i pé ohun rere ni?

Ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí ẹnì kan dábàá pé kí á kọ òfin, àwa la pariwo lé e lórí. A ní, “Ọmọ ilé ìwé kan náà ni wá, a jọ jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò pọ̀ ni, kí la fẹ́ fi òfin ṣe?” Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́rin ti pa ikọ̀ wọn tì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ wọn ti kán láti oṣù kẹwàá ṣì wà nínú ikọ̀ náà. Ẹ lè ní kí ló kan ẹlòmíràn níbẹ̀? Ó kàn án gidi. Ẹni tó pàdé wọn ní oṣù kẹsàn-án pàdé kìnnìún. Ẹni tó pàdé wọn ní oṣù kẹta pàdé òkú ewúrẹ́. Àmì mẹ́ta ni àwọn méjèèjì gbà. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, ẹni tó gba ipò kìíní fi àmì méjì péré ju ẹni kejì lọ, ó sì jẹ́ pé àwọn òkú ewúrẹ́ wọ̀nyí ni ó jẹ ní ìparí. Ìjà dé. Àwọn tí kò bá ara wọn jà rí láti fọ́ọ̀mù wáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà.

Nígbà náà ni a wá kọ òfin. Mẹ́fà ni:

1. Kí owó ìwọlé pé kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí. Àmì kan yóò máa kúrò lórí ẹni tó bá jẹ gbèsè, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi san án.
2. Ẹni tó bá fi agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí ara wọn kò yá sílẹ̀ nínú mọ́kànlá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gba ìkìlọ̀. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, àmì mẹ́ta lọ.
3. Ẹnì kan, ikọ̀ kan.
4. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù fún ẹlòmíràn. Àmì mẹ́sàn-án ni ìjìyà rẹ̀, kò sí ẹ̀bùn fún un lọ́dún náà, kò sì ní kópa lọ́dún tó tẹ̀ lé e.
5. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ kéde ìjìyà kí ó tó gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.
6. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ méje láti pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tí kì í ta líìgì náà.

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ owó í gbà. Wọn kò purọ́. Ẹ ṣáà rántí àwọn bàbá wa Òṣómàáló, tí wọ́n ń gbé aṣọ láti Iléṣà káàkiri, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìnagijẹ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.  Òṣómàáló máa ń jẹ́ kí ó dájú pé ọjọ́ tí òun dá ni òun ó dé. Àmì kan péré tí à ń yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, owó gbogbo ènìyàn pé láàárín oṣù kan. Kì í ṣe pé ìyà náà pọ̀. Ó dájú ni.

Ṣùgbọ́n gbígba owó rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí bàtà ti ta mí lẹ́sẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú líìgì yìí. Bẹ́ẹ̀dì tèmi àti tirẹ̀ ni ó fara kanra ní ilé ìwé. Nígbà tí owó ìdánwò mi kò pé, gààrì àti owó tí ìyá rẹ̀ fún un ni ó pín sí méjì. Ẹ ó jẹ́ kí n máa pè é ní Ọ̀rẹ́. Ẹlẹgbẹ́ wa kan wà lẹ́yìn odi tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ láàárín ọdún. Kí òfin kejì má bàa mú un, ó fún Ọ̀rẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ikọ̀ rẹ̀ pé kí ó bá òun máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò sọ fún ẹnì kankan, àwa náà kò bi í.

Ìgbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ méje kí ọdún parí, ikọ̀ aláìsàn yìí àti ikọ̀ Ọ̀rẹ́ fúnra rẹ̀ pàdé. Nínú eré yìí, bí àsìkò tí wọ́n dá bá ti kọjá, èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 90 ṣáájú ìdíje àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ náà, kò sí ẹni tó lè yí ohunkóhun padà mọ́, gbogbo ènìyàn á sì rí ikọ̀ ara wọn. Ohun tí a rí nìyí: wọ́n ti ta agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tó dára jù nínú ikọ̀ aláìsàn, wọ́n sì ra àwọn tí kì í jókòó kọjá orí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rọ náà ń gba àmì mẹ́rin lórí pàṣípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ju èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ní lọ́fẹ̀ẹ́. Àmì 16 ti lọ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní ohun tó fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ borí, ó sì bọ́ sí ipò kejì.

Ta ló wà ní ipò kẹta? Èmi ni.

Inú bí mi, ẹ má tàn ara yín. Mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ní oṣù keje 2013, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ń du ìgbéga lọ sí líìgì kékeré. Plateau United Feeders jẹ Akurba ní 79 sí òdo, Police Machine náà jẹ Bubayaro ní 67 sí òdo. Nígbà tí wọ́n fi lọ sinmi ní ìdajì eré, gólì méje péré ni àwọn Feeders ní. Èyí ni pé 72 wọlé ní ìdajì kejì. Gbogbo ayé fi Nàìjíríà rẹ́rìn-ín. Àjọ NFF fi òfin de ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì lé àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn alákòóso tí ọ̀ràn náà kàn kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé. Mo ní lọ́kàn mi pé ohun kan náà ni èyí, kékeré ni tiwa kàn jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo kọ ìdájọ́ sí ojú gbogbo ènìyàn lórí WhatsApp: àmì mẹ́sàn-án, kò sí ẹ̀bùn, kò sí líìgì lọ́dún tó ń bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sùn.

Aago mẹ́fà ìdájí ni ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá àwọn ọmọ ṣe fún yín? Wọn ò sùn láti àná.” Nígbà tí Ọ̀rẹ́ gba fóònù, gbólóhùn kan péré ló sọ: “Ṣé ìwọ náà ni kò lè pè mí kí o tó kọ ọ́?” Ó sì gbé e sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí omi òjò. Òfin karùn-ún, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọ̀rẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní ìṣirò ni alága àwọn mẹ́ta náà. Wọ́n wà níbí lónìí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù kò ju pé ó rí roboto lọ. Wọ́n ní kí n dìde, kí n ka òfin sókè. Mo kà á. Wọ́n ní, “Bí a bá yọ àmì mẹ́sàn-án lórí rẹ̀, ta ni yóò bọ́ sí ipò kejì?” Mo ní, “Èmi ni, sà.” “Ta ló dá ẹjọ́ náà?” “Èmi ni, sà.” “Ṣé o gbọ́ tẹnu rẹ̀?” “Rárá, sà.” “Jókòó.” Ó dà bí ẹni pé mo tún wà ní fọ́ọ̀mù tú.

Ọ̀rẹ́ kò jiyàn. Ó gbà pé òun ṣe é. Ó ní òun ti fi oṣù mẹ́rin tọ́jú ikọ̀ aláìsàn láìfi ṣe ibi kankan, pé ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ojú kòkòrò wọ òun lójú. Ìdájọ́ wọn nìyí. Àmì mẹ́fà ni kí á yọ dípò mẹ́sàn-án, nítorí pé àánú ló fi bẹ̀rẹ̀, òfin wa kò sì sọ ohun tí ẹni tí àìsàn bá mú lè ṣe. Kí ó má gba ẹ̀bùn lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kí ó padà sínú líìgì lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ìdíje tó wáyé láàárín ikọ̀ méjèèjì di òfo. Èmi akọ̀wé, kí wọ́n yọ àmì mẹ́ta lórí mi nítorí òfin karùn-ún. Mo ti ipò kẹta já bọ́ sí ìkarùn-ún. Wọ́n tún fi òfin méjì kún un: ẹni tí kò bá ráyè lè yan olùdúró, kí akọ̀wé mọ̀ nípa rẹ̀, akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ dá ẹjọ́ tí yóò ṣe òun fúnra rẹ̀ láǹfààní.

Àwọn kan bínú pé wọ́n dín ìyà náà kù. Wọ́n ní òfin tí a bá dín kù kì í ṣe òfin mọ́. Mo ní kí wọ́n wo àwọn tó ni bọ́ọ̀lù gan-an. Ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n yọ àmì 10 lórí Everton nítorí ìnáwó tó kọjá ààlà. Everton pe ẹjọ́, ó sì di 6 ní oṣù kejì 2024. Líìgì kò tú ká. Nígbà tí Everton tún ṣẹ̀ sí òfin náà, àmì 2 mìíràn lọ ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Nottingham Forest pàdánù 4 ní oṣù kẹta 2024, àwọn náà pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n tiwọn kò yí padà. Èyí fi hàn pé ilé ẹjọ́ kejì kì í ṣe ibi ìpẹ̀tù lásán. Ó lè dín in, ó lè fi í sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó jìyà mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ohùn òun.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo wá rí kọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ayò ọlọ́pọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀ta àti ọ̀pẹ lè bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn òǹwòran á máa dá sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ jí ọmọ ayò kan. Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù: bí ọmọ bá tán pátápátá lọ́dọ̀ ẹni tí ò ń jẹ, ó di dandan kí o ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí o bá ní irú rẹ̀. O gbọ́dọ̀ bọ́ ẹni tí ò ń nà. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí ẹnì kejì bá kú tán, ayò parí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra.

Níbi tí mo ń lọ nìyí, Ààrẹ. Ẹgbẹ́ wa yìí ní ìwé òfin. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ẹni tí kò bá san owó ọdún kò gbọdọ̀ dìbò. Gbogbo wa la máa ń dìbò. Ó ní ẹni tó bá gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò; ojú la máa ń wò, a ó ní “ẹlẹgbẹ́ wa ni.” Nígbà tí inú bá wá bí wa lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ṣoṣo la ó mú, ìyà ọdún mẹ́wàá la ó kó lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà kò sì ní tẹsẹ̀ bọ ìpàdé mọ́. Mélòó la ti pàdánù báyẹn? Àga tó ṣófo níbí lónìí, kì í ṣe ikú nìkan ló sọ gbogbo wọn di òfo.

Ẹ bojú wo igbó Ọ̀ṣun tó wà nítòsí wa yìí, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Èèwọ̀ ni láti pa ẹja odò náà. Olówó kò gbọdọ̀ pa á, tálákà kò gbọdọ̀ pa á, kò sì sí ẹni tó ń dúró kí a tó ka ìwé òfin fún un. Mo bẹ̀ yín, kí òfin tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: kí ó kéré, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé, kí ìjìyà rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ó dájú, kí ó mú akọ̀wé bí ó ti ń mú ọmọ ẹgbẹ́. Kí á pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sí ìkọ̀kọ̀ kí á tó pariwo rẹ̀ ní gbangba. Kí ìjìyà sì ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi àti Ọ̀rẹ́ ti parí ìjà. Oṣù márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí líìgì tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, owó tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí a dá. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Èmi náà kọ rìsíìtì fún un, mo sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, “Mo jẹ̀bi ìpè kan.” Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ó bi mí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wo ni mo rà. Mi ò sọ fún un o! Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ má wò ó. Kò tíì rí bíi ti ìgbà tí a jọ ń pín gààrì, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n inú mọ́tò kan náà la jọ bá wá láti Iléṣà láàárọ̀ yìí, òun ló sì san owó epo.

  Ẹni tí kò bá tíì san owó ọdún yìí, tábìlì akápò wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo lóṣòó síbẹ̀.